Ọ̀bẹ Tí Mo Bá Baba Mi Tún Ṣe

Ọ̀bẹ mẹ́tàlélógún ni mo ní, gbogbo wọn ló ń ká sínú èèkù ara wọn bí ìgbín tó fa ara wọlé. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n wà nílé mi ní Àjàṣẹ́, lórí aṣọ àrán pupa, bí ìlẹ̀kẹ̀ olóyè. Mo ní èyí tó ń gé wáyà, mo ní èyí tó ń ha ìpẹ́ ẹja, mo ní èyí tó ní ayùn wẹ́wẹ́ lára. Láti ìgbà tí mo ti ń kó wọn jọ, etí lẹ́tà ni mo fi wọ́n gé jù.

A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, àwa ọkùnrin bí ogójì láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Láràárọ̀ ni a máa ń da ohun tó wà nínú àpò wa sórí tábìlì, tí a ó ya á ní fọ́tò: ọ̀bẹ, aago, bírò tó wọ́n, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ a yá kọ́kọ́rọ́. A máa ń pe ara wa ní ọkùnrin tó ti gbára dì. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí a gbára dì fún. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè bó ọsàn kan kó má ta omi rẹ̀ sójú ara rẹ̀. Ó dá mi lójú, torí èmi ni akọ̀wé wọn.

Baba mi kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Àgbẹ̀ ni ní Lagbé, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló sì ní, èyí tó rà ní ọjà Ìgòlò kí wọ́n tó bí mi. Àpò ọ̀tún jalabíà rẹ̀ ló ń gbé. Òun ló fi ń gé igi ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ gbìn, òun ló fi ń pín obì, òun ló fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ẹni tí ẹ̀gún bá gún. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, àwọn èèyàn á kó ọsàn wọn wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò iwájú mọ́ṣáláṣí, onílé àti àlejò. Á máa bó o fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èèpo á máa sọ̀ kalẹ̀ bí okùn, kò ní já. Kì í sì í fi ọ̀bẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ilẹ̀ ni yóò gbé e sí kí o mú un fúnra rẹ, kí ìjà má baà wọ àárín yín. Mo ti fi èyí ṣe àwàdà rí nínú kíláàsì mi ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì rẹ́rìn-ín.

Igi ni èèkù ọ̀bẹ náà, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Níbi tí àtàǹpàkò Baba máa ń wà, igi náà ti jẹ, ó ti di kòtò kékeré. Ojú ọ̀bẹ ti tín-ín-rín nítorí pípọ́n, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obì ti kùn ún ní àwọ̀ tí kò lórúkọ. Ìṣó tó so wọ́n pọ̀ ti ń mì.

Mo ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń mì, Baba."

"Èmi náà ń mì. Ṣé wàá tún èmi náà ṣe ni?" Ṣùgbọ́n ó yọ ọ́, ó gbé e sórí ẹní. "Ọjọ́ mélòó?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré."

Oṣù mẹ́rin ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi han àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní ohun àjogúnbá pàtàkì ni, bẹ́ẹ̀ Baba wà láàyè. Ẹnì kan ní èèkù igi kò yẹ ẹ́, ìwo màlúù ló yẹ ẹ́. Mo dúró de ìwo láti Kútọnu. Nígbà tó dé, mo gbé ọ̀bẹ náà fún oníṣẹ́ irin kan nítòsí ilé mi. Ó yọ èèkù, ó fi ẹ̀rọ họ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí, ó sì lẹ ìwo mọ́ ọn. Ó bi mí pé, "Igi yìí ńkọ́?" Mo ní kó dà á nù. Mò ń wo fóònù nígbà tí mo sọ ọ́.

Láàárín oṣù mẹ́rin náà ni ìgbàgbé wọlé tọ Baba wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta gaàrí ní Ìgòlò, tó sì ń tọ́jú Baba, pè mí. Ó ní Baba máa ń ti ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, á wá a, á fa ọwọ́ yọ, á tún tì í bọ̀ ọ́. Ó ti ń sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé wọ́n jí ọ̀bẹ òun.

"Bọ̀n, ta ló jí i? Wọ́n ń wojú ara wọn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbé e bọ̀."

Mo ní àtè tí wọ́n fi lẹ ìwo kò tíì gbẹ.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, mo gun alùpùpù zẹ́mì láti Ifangni dé Lagbé, ọ̀bẹ náà wà nínú páálí kékeré tí mo rà fún un. Baba jókòó síwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ló wí fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé èèyàn ńlá kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbẹ̀.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó mú un, ó ṣí i, inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe ń dán. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwo náà, síwá sẹ́yìn, bí ẹni ń táràrà wá ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Kò rí i. Ó pa ọ̀bẹ dé, ó gbé e padà sílẹ̀.

"Ọ̀bẹ tó dáa ni. Ta ló ni ín?"

"Tiyín ni, Baba."

"Rárá o. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Òun náà á ti máa wá a."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. "Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀," ló wí, "o ti fọ Baba kúrò lára ọ̀bẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Èèkù rẹ̀ dà?"

Mo padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ irin lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Igi yẹn? Òun la fi dáná. Ó gbẹ dáadáa." Mo ní kó gbẹ́ òmíràn, kó gbẹ́ kòtò sí i. Ó bi mí bí kòtò náà ṣe jìn tó, àti ibi tó wà gan-an. Mo yẹ fọ́tò mọ́kànlá tí mo yà wò. Ẹ̀gbẹ́ kejì, tí kò ní kòtò, ni mo yà nínú gbogbo wọn, torí ibẹ̀ ló dán díẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ inú àpótí mi lọ sí Lagbé, ọ̀kan lọ́sẹ̀. Mo ra àlòkù ní Ìgòlò pẹ̀lú. Baba á fi àtàǹpàkò bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà, á gbé e sílẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìyọnu. Ìgbà tí ó kú, mo wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ síwájú. A nà án, ó tún tẹ̀.

Èyí nìkan kọ́ ni kì í jẹ́ kí n sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, àwa méjèèjì la jókòó síta, ẹ̀gbọ́n mi ń fọ abọ́ lẹ́yìn wa.

"Ọ̀gá, Àjàṣẹ́ lẹ ti wá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Mo lọ́mọ kan níbẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní yunifásítì. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀."

"Ẹ ní kó bá mi wá ọ̀bẹ mi. Orí rẹ̀ pé." Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò, ó jáde lófo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi má baà gbọ́. "Tó bá sì jẹ́ pé òun ló mú un, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn sọ fún un pé mi ò bínú."

Mo ní n ó sọ fún un. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í gbà mí gbọ́.