Ọmọbìnrin Tí Mo Sọ Lórúkọ Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sun wọ́ọ̀dù mọ́jú ni, nígbà tí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan yà wọ ọgbà ọsibítù wa lọ́nà Ìdírókò. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń pariwo, "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!" Mo rò pé ẹ̀rọ ló gé ẹnì kan lọ́wọ́. Ohun tí ojú wa mọ̀ jù nìyẹn ní Ọ̀tà: ìka tí ẹ̀rọ gé, ojú tí kẹ́míkà ta sí, ẹsẹ̀ tí irin já lé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi di irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni, ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó di irun wẹ́wẹ́. Ó wọ ṣòkòtò tó ní àpò kiri ara, ó sì wọ bàtà ńlá bíi ti sójà. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú.

"Ẹ̀bá títì la ti rí i," ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà wí. "Ó fẹ̀yìn ti òpó iná, a rò pé ó ń sinmi ni. Nígbà tá a fọn fèrè tí kò mira, la bá sọ̀ kalẹ̀."

"Kò sí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀? Fóònù ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì, bí ẹ ṣe rí i yìí náà la ṣe rí i."

Wọn kò lè dúró, àkókò iṣẹ́ wọn ti fẹ́ tó. Mo tú gbogbo àpò ṣòkòtò náà, n kò rí ju iyanrìn àti ọ̀rá súìtì kan lọ. Dókítà wa wà ní Abẹ́òkúta fún ìpàdé, mo bá pè é. Ó ní ó jọ pé wọ́n ti fún ọmọ náà ní oògùn oorun mu. Ó ní kí n fi dírípù sí i lọ́wọ́, kí n fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí n máa ṣọ́ mímí rẹ̀, kí n má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu títí ojú rẹ̀ yóò fi dá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú, wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Lórí káàdì rẹ̀, mo kọ "Ẹni àìmọ̀, obìnrin." Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn fún ẹni tó bá dé tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rí. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo kọ ọ́ pé ẹni náà kò ní ìyá.

Ìyá Bọ́lá, tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, jáde lọ ra búrẹ́dì, ó sì ròyìn ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Alhaja Sàlámótù ti dé. Mo mọ Alhaja dáadáa. Ará Ìmẹ̀kọ ni, ó ń ta abọ́ oníke ní Jójú, àwa la sì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ Kúdírátù, ọmọ tí àbúrò rẹ̀ kú fi sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Kúdírátù ti kúrò nílé, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀.

Alhaja bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó wo orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì di irin bẹ́ẹ̀dì náà mú.

"Kúdí," ó wí. "Kúdí mi nìyí."

"Alhaja, ẹ fara balẹ̀ wò ó."

"Kí ni mo tún fẹ́ wò? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀!"

Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọ tó sùn. Iwájú orí kan náà ni. Ètè kan náà ni. Ọmọ inú àwòrán ń rẹ́rìn-ín, èyí kò rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún ara mi pé ìyàtọ̀ tó wà nìyẹn. Mo mú bírò, mo fa ìlà gba orí "Ẹni àìmọ̀", mo kọ "Kúdírátù" sókè rẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yíra, tó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ nínú wa. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹnu mọ́: "Ágúà, ágúà."

Ìyá Bọ́lá gbé ọwọ́ lé orí. "Àgùàlà ló ń pè! Ìràwọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀!"

"Wọ́n ti ba orí ọmọ mi jẹ́," ni Alhaja wí. Ó pe ẹnì kan láti ìdílé rẹ̀ pé kó gbé mọ́tò wá. Ó ní àlùfáà kan wà ní Ìlo-Awẹ́là tó máa ń ṣe àdúà fún irú wọn, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà.

Mo pe dókítà, fóònù kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Ìwé kan wà tí ẹbí máa ń fọwọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ gbé aláìsàn wọn kúrò ṣáájú àkókò. Mo mú un wá. Títí di òní, n kò lè ṣàlàyé fún ara mi ìdí tí mo fi mú un wá. Èrò kan ń sọ fún mi pé ara ọmọ yìí kò tíì balẹ̀, òmíràn ń sọ pé ta ni mí láti gba ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Alhaja fọwọ́ sí i. Ó wá ku ibi tí a ti ń kọ àmì ara aláìsàn.

"Omi gbígbóná dà sí i ní orúnkún òsì nígbà tó wà ní kékeré," ni Alhaja wí. "Àpá rẹ̀ tóbi."

Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè. Orúnkún òsì ń dán. Mo ká ti ọ̀tún. Òun náà ń dán.

"Alhaja, kò sí àpá níbí."

"Ó ti san nìyẹn."

"Irú àpá yẹn kì í parẹ́ báyìí, Alhaja."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé n kò mọ ọmọ mi ni?"

Mo wo orúnkún náà, mo wo àwòrán, mo wo ojú Alhaja. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Mo ní kí a jọ dúró de dókítà. Mọ́tò tí wọ́n pè ti ń fọn fèrè níta. Ni Alhaja, tó dàgbà tó ìyá mi, bá kúnlẹ̀ níwájú mi tẹkúntẹkún.

"Èmi ni mo lé e lọ," ó wí. "Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé kó má padà wá. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé."

Mo ti na ọwọ́ sí dírípù kí n yọ ọ́, ni ọmọ náà bá tún wí pé, "Ágúà."

Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì wà lójú fèrèsé. Wẹ́dà ni, iwájú ọsibítù wa ló ti ń jó irin, ó sì wá tún irin fèrèsé wa ṣe lọ́jọ́ náà. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wí yẹn?" ó béèrè. "Ẹ dákẹ́ ná." Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé wa. Ọmọ náà la ojú méjèèjì. Ó gbá apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì kọjú sí mi. "Omi ló ń béèrè, Nọ́ọ̀sì. Láti àárọ̀, omi ló ń béèrè. Ó ní ibo lòun wà. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá òun pe màmá òun."

Ọdún méje ni Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì fi ṣiṣẹ́ ní Àǹgólà, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè Potogí. Èdè Potogí ni ọmọ náà ń sọ.

Nígbà tí mo rí i pé ojú rẹ̀ ti dá, mo fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ó di ọ̀sán kó tó lè ròyìn ara rẹ̀. Lúsíà ni orúkọ rẹ̀, láti Brasil. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń rìn bọ̀ láti Senegal, òun nìkan, pẹ̀lú báàgì ńlá kan lẹ́yìn. Ilé àlejò kéékèèké ló ń sùn sí, mọ́tò èrò ló ń wọ̀.

"Ta ló rán an níṣẹ́?" ni mo béèrè.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì bi í, ó sì họ orí. "Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ó ní òun kàn fẹ́ rí ayé ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi nígbà náà. Bóyá kò tíì yé mi tán. Ó ní gbogbo ọ̀nà lòun ti ń ṣọ́ra fún ọkùnrin, òun kì í gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó wọ̀ ní Ìdírókò, ìyá kan jókòó tì í, ó pè é lọ́mọ, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Kò rántí nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Báàgì, páásìpọ́ọ̀tù, fóònù, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Àwọn ọlọ́pàá dé nígbẹ̀yìn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìkankan nínú ẹrù náà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ohun tó sọ tẹ̀lé e. Kí ọkàn ìyá rẹ̀ má bàa pòrúurùu, ó ti sọ fún un pé Accra lòun wà, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Kò sí ẹnì kan tó mọ̀ pé ó ti wọ Nàìjíríà. Ká ní mo yọ dírípù yẹn, ká ní mo jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú orúkọ Kúdírátù lórí ìwé mi, níbo ni ẹni tó bá ń wá Lúsíà ìbá ti bẹ̀rẹ̀? Mo ya ìwé náà. Mo kọ káàdì tuntun.

Mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì tó wá lẹ́yìn mi, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹkún ẹnikẹ́ni kọ orúkọ sórí káàdì aláìsàn fún wọn, kí wọ́n sì má pe èdè tí wọn kò gbọ́ ní wèrè. Wọ́n máa ń bi mí nípa Alhaja.

Alhaja jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, ó ń wo àwòrán Kúdí, kò sunkún mọ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ó padà dé pẹ̀lú fúláàsì ògì gbígbóná àti aṣọ ìbora, ó sì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Lúsíà. Ọjọ́ mẹ́rin tí ọmọ náà lò lọ́dọ̀ wa kí àwọn èèyàn ìjọba rẹ̀ tó wá mú un, Alhaja ló ń bọ́ ọ. Kúdírátù kò tíì padà wálé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Lúsíà há sórí, ti ìyá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì fi fóònù rẹ̀ pè é, ojú ìyá náà sì yọ lójú fóònù. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kígbe. Lúsíà sọ̀rọ̀ títí, lẹ́yìn náà ó yí fóònù sí Alhaja. Obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ìyá Lúsíà sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ ń já. Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀.

Alhaja gbé ọwọ́ sókè.

"Fi sílẹ̀, Ràṣíìdì," ó wí. "Mo gbọ́ ohun tó sọ."