Omi Lọ́sàn-án Ààwẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í purọ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí èmi bá wọn pa á, torí èmi ni mo gbọ́ èdè Italy jù nínú àwa méjèèjì.

Kíndìnrín mi kan wà lára wọn láti ìgbà tí tiwọn ti bàjẹ́. Wọ́n ti ká èso ní Saluzzo, wọ́n ti ru ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Bergamo, kí wọ́n tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Torino. Àpá iná tó ti wà lójúgun wọn láti kékeré ló ṣàdédé di egbò. A fi òrí pa á, a fi báńdéèjì dì í, títí wọ́n fi sọ fún wa nílé ìwòsàn pé jẹjẹrẹ awọ ara ni, ó sì ti rìn dé abẹ́ itan. Iṣẹ́ abẹ kò lè ká a mọ́.

Dókítà tó ń tọ́jú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí mo lè bí. Ó fi sùúrù ṣàlàyé: oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò nítorí kíndìnrín ló ń mú kí àwọn ajá inú ara wọn sùn, kí ajá má baà bu kíndìnrín mi tó jẹ́ àlejò jẹ. Oògùn tuntun yìí, tí wọ́n máa fi flebo, ìyẹn dírípù, fà sí wọn lára, kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń jí àwọn ajá náà kí wọ́n lè lé olè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n lè bu àlejò jẹ pẹ̀lú. Ó ti kọ̀wé sí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Padova, ó ti jókòó pẹ̀lú dókítà kíndìnrín, ó ní òun á máa wo ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nílùú yìí. Òun ni mo kọ́kọ́ rí tó ń sọ ohun tí kò mọ̀ láìtijú.

Nígbà tó di flebo kẹta, egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé. Inú wa dùn. Ààwẹ̀ sì dé.

Ìgò omi tí mò ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn láàárọ̀, kíkún ni mo máa ń bá a tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ọlọ́run tó ń pa egbò yìí dé, ṣé mi ò ní gbààwẹ̀ fún un ni? Má sọ fún dottoressa o."

Àbúrò ni mí. Mo gbé e mì.

Lọ́sẹ̀ kejì, èsì ẹ̀jẹ̀ jáde. Creatinina ti ròkè, ìyẹn ni pé kíndìnrín ń jìyà. Dókítà wo ìwé náà títí. Ó ní ó jọ pé àwọn ajá ti rí àlejò. Àfi ká dá flebo dúró. Ó ní kí n bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n ń mu omi.

"Sọ fún un pé mò ń mu ún dáadáa, no problem."

Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, flebo parí nìyẹn, jẹjẹrẹ á sì padà. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi lójú ọmọdé. Mo sọ òótọ́. Mo ní wọ́n ń gbààwẹ̀, mo ní èmi náà mọ̀, mo ní ẹ̀sìn wa gan-an yọ̀ǹda fún aláìsàn kó má gbà á.

Dókítà ò bínú. Ó ní ó lè jẹ́ àìmumi ni, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun á dúró ọ̀sẹ̀ kan kóun tó mọ èyí tóun máa ṣe. Ó jáde lọ bu omi fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Aago méjì ọ̀sán ni. Ẹ̀gbọ́n mi mu omi náà, wọn ò wo ojú mi.

Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ tram lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì mí.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, creatinina ti wálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé flebo wá. Bí oògùn ṣe ń kán, ẹ̀gbọ́n mi na ife sí mi, wọ́n sì wò mí lójú.

"Bu omi wá. Òùngbẹ ń gbẹ kíndìnrín rẹ."