Ìṣó Mẹ́jọ Lẹ́nu Ọ̀nà Báákónì

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi ṣe káfíńtà ní ilé àtijọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé ọ̀hún, alájà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n pákó ni àtẹ̀gùn rẹ̀, pákó sì ni báákónì tó yọrí síta ní àjà kẹta. Bàbá Ayùn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Bí ilẹ̀kùn bá ń han, á gbé etí lé e bíi dókítà, á ní, "Òróró lo fẹ́, o wá ń pariwo kiri." Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò bímọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń gbé. Àbúrò náà a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bùọ̀dá mi, ilé yẹn lẹ fẹ́ níyàwó."

Lọ́jọ́ kan, ó lọ tún fèrèsé ṣe lájà kẹta. Ó fọwọ́ ti igi ààbò báákónì, igi sì mì bí eyín arúgbó. Ó fi ọ̀bẹ gún ìdí rẹ̀, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ló kù. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé pákó méjì dábùú ẹnu ọ̀nà, ó fi ìṣó mẹ́jọ kàn án pa, ó sì lọ bá alábòójútó ilé.

"Ọ̀gá, igi báákónì yẹn ti kú. Ẹ jẹ́ ká ṣe tuntun."

"Bàbá, ilé ìtàn nilé yìí. A ò lè yọ igi kan níbẹ̀ bí ìgbìmọ̀ yunifásítì ò bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ̀wé."

Àbúrò rẹ̀ bá a kọ ọ́. Ìwé lọ, èsì ò dé. Wọ́n tún kọ òmíràn. Oṣù márùn-ún kọjá.

Ni ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ilé náà bá dé. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá ya fọ́tò. Alábòójútó gbójú sókè, ó rí pákó méjì náà, ojú rẹ̀ korò.

"Bàbá, ẹ yọ ìdọ̀tí yẹn kúrò."

"Ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde síbẹ̀ o."

"A ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bí ayẹyẹ bá ti parí, ẹ dá a padà. Àbí kí n wá ẹlòmíràn tó máa yọ ọ́?"

Ó ku ọdún kan kí bàbá fẹ̀yìn tì. Ó gòkè, ó yọ ìṣó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mì ín wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé àwọn pọ́tà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé lọ́wọ́.

Ayẹyẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan bẹ pọ́tà kan pé kó bá òun ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn ti fẹ́ aṣọ òun láti ojú fèrèsé sórí igi báákónì. Pọ́tà náà ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Ó ṣí i. Ọmọ náà nawọ́ sí aṣọ, ó fara ti igi.

Bàbá Ayùn wà nísàlẹ̀, ó ń kó àga àlejò jọ. Ó gbọ́ tí igi dá. Kó tó gbójú sókè ló ti mọ igi tó jẹ́. Òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Wọ́n gbé e délé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó kú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìgbìmọ̀ tí kò ráyè fèsì ìwé méjì wá ráyè jókòó láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Kí wọ́n tó wọlé, alábòójútó fà á sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ sáà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló yọ pákó yẹn. Gbogbo wa la máa bọ́ nínú ọ̀ràn yìí."

Bàbá wọlé. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló yọ pákó, ó dìde.

"Èmi ni. Ọ̀gá tó jókòó yẹn ló ní kí n yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́. Mo mọ̀ pé igi ti kú."

Alábòójútó ní òun ò rántí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní baba nígbẹ́jọ́, bó rojọ́ àre, ẹ̀bi ni yóò jẹ. Wọ́n lé káfíńtà, wọ́n lé pọ́tà, wọ́n sì gbé alábòójútó lọ sí ọ́fíìsì mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá olóògbé wá a délé. Bí bàbá ti rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Irọ́ tó dùn wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. "Ó ní kí n bá òun mú aṣọ òun."

"Aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sọ nǹkan mìíràn."

Ìyá náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Mi ò tíì lè dárí jì yín," ló wí. "Ẹ má retí ẹ̀." Àbúrò bàbá sìn ín dé ẹnu géètì.

Bàbá náà ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ tábìlì ìránṣọ kán lóṣù tó kọjá, káfíńtà àdúgbò ni àbúrò rẹ̀ pè. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó títí tó fi ṣe é tán.