Ìwé Ọ̀daràn Tí Ìdèrè Ò Kà Dópin

"Bàbá, ẹ má lé mi! Ẹ jẹ́ n kà á dópin!"

"Kà kí ni? Gbogbo Ìdèrè ti kà á. Bàbá ẹ ló yìnbọn pa agbowó-orí!"

Bàbá Hàkímù, Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ ìlú, ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ojúọlá dúró sí àgbàlá ẹ̀. Táyà ló ń lẹ̀ ní ìkòríta kó tó wá, ọwọ́ ẹ̀ ṣì dúdú, ó di ìwé mú bí ẹni mú olè adìyẹ.

"Ìtàn àròsọ ni, Bàbá, kì í ṣe kóòtù!"

"Àròsọ? Ajá inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì tó ń tiro ńkọ́? Ta ló ń tiro nílùú yìí ju Èṣùbíyìí lọ?"

Ẹ wo ìyà! Tíṣà Ọlálékan, tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá òǹkọ̀wé lónìí, ilé Èṣùbíyìí, bàbá Ojúọlá, ló gbé nígbà tó ń kọ́mọ ní Ìdèrè. Lọ́dún tí wọ́n bá òkú agbowó-orí lóko, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó pa á, tíṣà jókòó, ó kọ ìwé ọ̀daràn pẹlẹbẹ kan lórí ikú agbowó-orí, àkọ́kọ́ tó kọ láyé ẹ̀. Ó kó ajá Èṣùbíyìí àti ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń tiro fún ọdẹ inú ẹ̀. Ẹyọ kan ló wọ ìlú, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń kà á. Àmọ́ ìyá alákàrà kan ti ya àwọn ojú ìwé ẹ̀yìn ẹ̀ fi di àkàrà. Ibi tí ọlọ́pàá ti de ọdẹ lókùn ni Ìdèrè kà á mọ.

Nígbà tí Èṣùbíyìí kú, àwọn ọdẹ kọ̀, wọn ò ṣípà, ètùtù ìsìnkú ọdẹ, fún un. Ọdẹ tí ẹgbẹ́ ò bá ṣípà fún, ojú ọ̀nà ló wà: kò sí lọ́dọ̀ wa, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá ẹ̀. Ìyá Ojúọlá ṣì ń sunkún ẹ̀.

Rùkáyyàh, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Èrúwà, ló wá rí odindi ìwé náà n'Ìbàdàn, ó sì mú un wá fún Ojúọlá.

Àwọn ọdẹ tó ń nu ìbọn lágbàlá gbé e sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn. Ojúọlá ka ìparí ẹ̀ fún wọn: "'Wọ́n tú okùn lọ́wọ́ ọdẹ. Ọ̀rẹ́ agbowó-orí fúnra ẹ̀ ló yìnbọn.'"



Olúọdẹ gba ìwé, ó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó dá a padà. "Ìwọ lo sọ pé àròsọ ni."

"Àròsọ yìí lẹ fi dá a lẹ́bi, Bàbá! Ẹ fi í dá a láre."

Olúọdẹ gbé ìbọn ẹ̀, ó dorí ẹ̀ kodò, ó ń wọlé lọ.

"Bàbá! Ìpà tí ẹ jẹ bàbá mi ńkọ́?"

Olúọdẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ojúọlá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìwé lórí itan: kò ní lọ títí wọ́n á fi ṣípà fún bàbá ẹ̀.