Ẹja Tí Wọ́n Fi Òwú Rán Níkùn

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni èéfín ẹja ti wọ̀ mí láṣọ. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ẹdẹ ni mo ti ń yan ẹja àrọ̀, mo sì ka ara mi sí ọ̀gá. Màá ká ẹja bí òrùka, màá ti ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, màá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún un pọ̀. Ará ilé wa tó bá lọ ra ẹja níbòmíràn, màá bá a yan odì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò kan wà nínú agbo ilé wa, télọ̀ ni, tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Sáúdí. Ọkùnrin tó bá a ṣe ìwé ìrìnnà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wa la sì ń ṣàdúà fún un. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, àbúrò yìí gbé báàgì ẹja yíyan kan wá bá mi, pé kí n bá òun dì í. Ọkùnrin náà ló ní kó gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun lọ́hùn-ún.

Mo wo ẹja náà, inú bí mi. Wọn ò ká a, òwú funfun ni wọ́n fi rán ikùn rẹ̀ bíi ṣòkòtò tó ya. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ játijàti yìí ni wọ́n máa rí ní Sáúdí tí wọ́n á ní ẹja Ẹdẹ nìyẹn. Òun tó jẹ́ télọ̀ ní rírán náà kò kúkú burú, kí n jọ̀ọ́ fi sílẹ̀. N kò gbọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo já òwú náà kí n lè fi bí wọ́n ṣe ń ṣẹja hàn án.

Ọ̀rá kékeré kan já bọ́, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Mo tú ẹja kejì, bákan náà ni. Èmi rò pé iyọ̀ ni, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ń di iyọ̀ sínú ọ̀rá kó tó fi í sẹ́ja. Òun ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, oògùn olóró ni. Wọ́n ń bẹ́ orí èèyàn nítorí rẹ̀ níbẹ̀.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló pe àwọn agbófinró. Nígbà tí ọkùnrin náà dé láàárọ̀ láti mú un lọ sí pápákọ̀ òfurufú, àwọn ló bá nídìí ẹja mi, tí wọ́n jókòó bí oníbàárà.

Títí di òní ni agbo ilé ń sọ pé Ọlọ́run fún mi ní ojú inú. Mo ń ṣàmín, ojú sì ń tì mí. Àbúrò mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́nà Sekona báyìí, ó ti bímọ méjì. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra ẹja, á sì tú ikùn rẹ̀ wò níṣojú gbogbo oníbàárà mi, n kì í sì í bá a jà. Iléyá tó kọjá, ó gbé ẹran wá fún mi, mo bá jẹ́wọ́ fún un pé kì í ṣe ojú inú kankan, pé ìlara lásán sí ẹni tó yan ẹja yẹn ló mú mi tú u. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹ ṣáà máa jowú lọ, ẹ̀gbọ́n mi.”