Èsì tí Mo Kọ fún Àwọn Àna Mi

Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Ìlá, èmi ni mo pariwo jù. Mo ní kí ìjọba tètè ṣòfin de ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn yìí, kó tó kọjá agbára wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Mo tún kéde pé ọmọ tó bá fi í kọ àròkọ, òdo ni màá fún un, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ọ̀rà wá tọrọ ọmọbìnrin mi. Nílé wa, bàbá ọmọ ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì lẹ́tà ìtọrọ, ìyàwó á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ọmọ mi ti ń rán mi létí látọjọ́ yìí. Èmi olùkọ́ Yorùbá jókòó ti bébà, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò wá. Mo tilẹ̀kùn yàrá, mo bẹ ẹ̀rọ inú fóònù mi. Kí n tó mumi tán, ó ti kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Mo fi bírò dà á kọ, mo tiẹ̀ pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ kó lè dà bíi pé mo ronú.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ka lẹ́tà àwọn àna: òdòdó kan ń tàn bí ìràwọ̀ òwúrọ̀ nínú ọgbà wa. Mo dá gbólóhùn náà mọ̀. Nígbà tó kan tèmi, òdòdó ọ̀hún náà ni, ìràwọ̀ òwúrọ̀ náà ni. Ẹ̀rín bá bẹ́. Bàbá ọkọ wolẹ̀, èmi náà wolẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ tó o ní kí wọ́n de ẹ̀rọ, ta ni yóò de ìwọ?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó kúnlẹ̀, ó na lẹ́tà sí mi. "Bàbá mi, ẹ gbà á. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́."

Ojú tì mí gan-an. Mo ṣì gbà pé òfin yẹ kó wà, ṣùgbọ́n òfin tí mo ṣe fọ́mọ ọlọ́mọ kò dé yàrá tèmi. Mo fa bébà mìíràn yọ lójú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí láti jẹ́ kó o lọ. Máa wá wò mí."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó kúrú jù, ó sì ń sunkún.