Ààrò Búrẹ́dì Màmá Mi

Nígbàkígbà tí amọ̀ tútù bá gba iná nínú yàrá ìwádìí wa, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Nukafu, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé nígbà náà.

Ààrò búrẹ́dì màmá mi ti sán lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tó bá tún sán, a ó kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bírìkìlà gbé sìmẹ́ńtì dé. Màmá mi tún ránṣẹ́ pe amọ̀kòkò àdúgbò tí a ń pè ní Dada, bí a ṣe ń pe bírìkìlà ní Fofo, ìyẹn ìyá àti bàbá lédè ibẹ̀. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ gbé àpò àpáàdì wá.

Bírìkìlà rẹ́rìn-ín. "Dada, kì í ṣe ìkòkò la fẹ́ mọ o."

"Fofo, ṣé ilé tí ẹ ń kọ́ máa ń gbaná lójoojúmọ́?" ni Dada dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́," ni màmá mi wí. "Ẹ wá wo ibi tí iná ti ń le jù."

Èmi àti ọmọbìnrin náà gún àpáàdì títí tó fi kúnná bíi gàrí. Mo rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá. Dada pò ó mọ́ amọ̀ kí iná má baà sán an, bírìkìlà sì fi tẹ́ òrùlé ààrò.

Ọmọbìnrin yẹn ni ìyàwó mi tó kú, tí mo sin lọ́dún tó kọjá, tí a jọ fi gbogbo iṣẹ́ ayé wa wádìí ohun tó ń jẹ́ kí amọ̀ fara da iná.

Nígbà tí ààrò gbẹ tán, a pé jọ, a dáná sí i. Màmá mi yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Kò síbi tó sán. Ó ká ìró rẹ̀ sókè.

"Ta ló máa bá mi po fúláwà?"

Bírìkìlà ló kọ́kọ́ lọ fọwọ́.